Àwọn Tí Ẹ̀rọ Ní Kí Wọ́n Máa Lọ Sílé

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Adéṣẹ́gun,
                                        Sábó, Yábàá,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Mobọ́lá, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Jael ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n lọ́jọ́sí ti fúyẹ́? Jael ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fi èdè Haúsá bá yín jà bí ẹ bá ní kó wá fọ abọ́? Ẹ kú ooru Kàdúná. Àwa náà wà níbí, òjò ò jẹ́ ká gbádùn, omi kún gbogbo Ojú Ẹlẹ́gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́. Màmá ń kí ẹ. Wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n sì ń bú mi bí ìṣe wọn. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù, torí ọ̀rọ̀ Màmá ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí Adékẹ́mi tó ń fi WhatsApp dà ẹ́ láàmú lójoojúmọ́ wá lọ ra àpòòwé. Mi ò fẹ́ kí o ka ọ̀rọ̀ yìí níbi tí ọbẹ̀ ti ń jóná, kí o sì pè mí kí n tó sọ ọ́ tán. O mọ̀ pé bí o bá ti gbóhùn sókè lé mi lórí báyìí, irọ́ ni màá pa. Torí náà, jókòó jàre, kà á dé ìparí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o wá pè mí, kó o bú mi tó bó o ṣe fẹ́.

Ṣé o rántí oṣù Keje ọdún tó kọjá, tí mo pè ẹ́ pé mo mú Màmá lọ síbi àyẹ̀wò ojú tí àwa ń ṣe, pé ẹ̀rọ sọ pé kò sí nǹkan kan? O bú sẹ́rìn-ín, o ní ojú Màmá kẹ̀, ojú tó ń rí ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn látòkèèrè. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ padà sí.

Ìwọ náà ti bi mí láìmọye ìgbà pé kí gan-an ni iṣẹ́ mi. Màmá máa ń sọ fún àwọn ará ilé wọn ní Ìdí-Oró pé dókítà ni mí, àmọ́ èyí tí kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Wọn ò kúkú parọ́. Bí ẹnì kan bá gbé àyẹ̀wò tuntun dé, ì báà jẹ́ ti ibà, ì báà jẹ́ ti ìtọ̀ ṣúgà, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá yẹ àyẹ̀wò náà fúnra ẹ̀ wò. Bó bá ní èèyàn ní àrùn, ṣé lóòótọ́ ló ní in? Bó bá ní kò ní, ṣé a lè fọkàn tán an? Iṣẹ́ ìṣirò ni, iṣẹ́ ìfura sì ni. Ọdún kẹrìndínlógún tí mo ti ń ṣe é rèé.

Ẹ̀rọ ojú yẹn kéré, kò ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Wọ́n ṣe é fún gilọkómà, àrùn tó ń jí ìríran èèyàn gbé láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, tí kò ní í dunni, tí kò ní í yúnni lójú, títí á fi kó gbogbo ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Ojú lọba ara, ṣebí o mọ̀. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dára lóòótọ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè gbé e sọ́wọ́ kó yí gbogbo Musin po láàárín oṣù kan. Ohun tó jẹ́ kí inú mi máa dùn sí i nìyẹn, kí n má purọ́.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún èèyàn la yẹ̀ wò, ní Musin àti Sùúrùlérè, gbogbo wọn ti lé lógójì ọdún. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti ọgbà mọ́ṣáláṣí la ti ń ṣe é, Sístà Purity, nọ́ọ̀sì wa, ló mú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àádọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ fura sí, gbogbo wọn la sì rán sí Dókítà Oyèwọlé, oníṣègùn ojú, tó ní ẹ̀rọ ńlá tó ń gba nǹkan bíi wákàtí kan kó tó sọ tẹnu ẹ̀. Ọgọ́ta nínú wọn ló ní àrùn náà lóòótọ́. Ó ku àwọn tí ẹ̀rọ kékeré ní kí wọ́n máa lọ sílé. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá asẹ́ ògì ti ya, orí asẹ́ kọ́ ni wàá wò, inú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká ṣẹ́ ìbò láàárín wọn, kí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ rí dókítà náà. Ìbò mú mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Mọ́kànlá péré ló lọ. Dókítà ò rí nǹkan kan lójú ìkankan nínú wọn.

Ó yẹ kí n fura, èmi tí mo ní iṣẹ́ ìfura ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéga mi sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà lórí tábìlì, àwọn tó ni ẹ̀rọ ń kánjú, èmi náà ń kánjú. Mo mú mọ́kànlá yẹn, mo ṣírò, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àṣìṣe, mo kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó bá ní àrùn náà, ẹ̀rọ yìí á mú mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi l'Ábújá. Ìwọ náà fi àwòrán mi hàn fún gbogbo èèyàn rẹ, o ní ẹ wo ọmọ ìyá mi.

Oṣù Kẹfà ọdún yìí ni mo ń fi iṣẹ́ náà yangàn nínú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, Moyọ̀sọ́lá, nawọ́ sókè. Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, àwọn mọ́kànlá tó padà wá yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?" Mi ò mọ̀. Mo ní màá wò ó. Mo dé ọ́fíìsì, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mẹ́sàn-án nínú wọn ò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Mẹ́fà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí Dókítà Oyèwọlé wà, ẹnu ọ̀nà dókítà ni wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó tó ọgọ́ta ọdún. Àwọn àgbà, àwọn tí àrùn yìí ń wá kiri gan-an, wọn ò yọjú. Mobọ́lá, ọdọọdún ni mo ń kìlọ̀ àṣìṣe yìí fún àwọn ọmọ, kéèyàn máa fi ẹni tó yọjú ṣèdájọ́ ẹni tí kò yọjú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọ́ wọn. Ojú tì mí débi pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Mo kó orúkọ àwọn àádọ́rin tí kò lọ rí dókítà, mo wọ Márúwá, ó di ilé wọn. Bàbá Ọlápàdé ni mo kọ́kọ́ bá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Sùúrùlérè. Bàbá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti sọ pé ojú wọn dára, àwọn àti ìdílé wọn sì ti jáde síwájú pẹpẹ lọ dúpẹ́. Wọ́n wá bi mí pé kí ni kí àwọn tún máa wá lọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ìyẹn, ṣé kí Ọlọ́run máa rò pé ọpẹ́ àwọn ò dénú ni? Àlájì Aminullah ní Musin ti ṣe sàráà ní tirẹ̀, àkàrà àti mọ́sà ló pín yí àdúgbò ká. Nílé kẹta, wọ́n ti jẹ́rìí. Nílé kẹrin, wọ́n ti gbààwẹ̀ ọpẹ́. Kò sílé tí mo wọ̀ tí mi ò bá ọpẹ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó yá, mo bi Sístà Purity. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun ń sọ fún ẹni tí ẹ̀rọ bá ní ojú ẹ̀ dára pé kó lọ dúpẹ́. Àwọn tí ìbò bá sì mú, òun á fún wọn níwèé dókítà, òun á fi kún un pé kí wọ́n má fòyà, kò sí nǹkan níbẹ̀, bí wọ́n bá ráyè kí wọ́n yà. Àánú ló ṣe é. Ta ló fẹ́ rán arúgbó tí inú ẹ̀ ń dùn lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láti àárọ̀? Mi ò lè bá a wí. Èmi tí mo ṣètò ìbò, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé nílẹ̀ wa níbí, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ara ẹ̀ le ti ní ibi tó ń lọ, kì í sì í ṣe ọ́sípítù.

Orúkọ kẹtàlélógún lórí ìwé mi ni Ọláṣùpọ̀ Àṣàbí, aránṣọ, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, Ìdí-Oró. Ìyá rẹ. Láti ọdún tó kọjá ni ìbò ti mú wọn, mi ò sì mọ̀, torí nọ́ńbà ni mo máa ń rí, n kì í rí orúkọ.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Aṣọ àwọn akọrin Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń rán. Kí n tó jókòó, wọ́n ti ní kí n lọ bu ẹ̀wà, bíi pé mo ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wọn tí mo ń tibẹ̀ lọ sí Yunifásítì. Mo gbé ọ̀rọ̀ dókítà kalẹ̀. Màmá ò tiẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní, "Adékẹ́mi, ìwọ lo fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ìwọ lo ní ojú mi dára. Mo ti dúpẹ́ lójú gbogbo ìjọ, mo rán aṣọ tuntun fún un. Ṣé kí n wá máa yẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wò ni?"

Mò ń wá ohun tí màá sọ ni mo rí ọwọ́ wọn. Àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì lápá ọ̀tún, kò jìnnà rárá. Wọn ò wò ó. Wọ́n ń fọwọ́ pa tábìlì kiri títí ọwọ́ fi bà á. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ṣé aránṣọ ń wo àlùmọ́gàjí ni. Ẹ̀gbẹ́ ni àrùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ ohun tí mo rí. Èmi kì í ṣe oníṣègùn ojú, ẹ̀rù sì bà mí, kí n sọ tòótọ́. Mo gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, kì í ṣe Ọlọ́run ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ti sáré sọ fún ayé pé ẹ̀rọ yẹn dára, mi ò sì mọ̀. Ẹ̀yin tó ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé nìkan lẹ lè jẹ́ kí n mọ̀."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwọ lo wá ṣàṣìṣe?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. "Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀, tí ò ń fi ọ̀rọ̀ ojú yí mi ká?" Wọ́n dìde, wọ́n da aṣọ bo ẹ̀rọ, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni. Bí Màmá ṣe rí nìyẹn, ìwọ náà mọ̀. Torí ara wọn, wọn ò ní í lọ síbì kan, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbé e. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dìde nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n ní ọmọ àwọn kan ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá gba ìwé dókítà lọ́jọ́ náà jọ̀ọ́ lọ rí dókítà, kó fi gbà á sílẹ̀. Èmi náà fi ọ̀rọ̀ kan náà padà lọ bá Bàbá Ọlápàdé, mo fi lọ bá Àlájì. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, mọ́kàndínláàádọ́ta ti wá. Àwọn tó kù, òmíràn ti kó kúrò, òmíràn ti kú, òmíràn kọ̀ jálẹ̀.

Mo tẹ̀ lé Màmá wọ yàrá lọ́jọ́ tiwọn. Wọ́n ní kí Màmá gbé àgbọ̀n lé iwájú ẹ̀rọ ńlá, wọ́n fún wọn ní bọ́tìnnì lọ́wọ́. Kí wọ́n máa wo iná kan láàárín, bí wọ́n bá ti rí iná tíntín mìíràn níbikíbi, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ni èmi jókòó sí, mò ń wo kọ̀ǹpútà, mò ń rí gbogbo ibi tí iná ń tàn sí. Wọ́n fi ojú òsì bẹ̀rẹ̀, Màmá ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yá wọn lára. Ó kan ojú ọ̀tún. Iná tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò wọn ò mì. Ó tún tàn. Ó tún tàn nísàlẹ̀. Màmá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń dúró de iná, iná sì ń tàn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: omijé ń já bọ́ lójú mi, mo sì ń rí gbogbo àmì dúdú tó ń hàn lórí kọ̀ǹpútà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dókítà Oyèwọlé ṣàlàyé fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Apá kan ti lọ nínú ìríran ojú ọ̀tún, kò ní í padà. Àrùn náà ti fọwọ́ kan ti òsì, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, ojú òsì ṣì ń ríran dáadáa. Oògùn kíkán ni, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sójú méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, títí ayé. Bí wọ́n bá ń kán an, ó ṣeé ṣe kí èyí tó kù bá wọn dọ́jọ́ alẹ́. Nígbà tí Màmá jáde, mo bi dókítà pé ká ní wọ́n ti wá lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ó ní ká má wo ẹ̀yìn. Ìyẹn ti tó ìdáhùn.

Ó ju ọdún kan lọ tí àrùn yìí fi ń jẹ ojú Màmá, torí pé mo sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan. Èyí tó lọ nínú ọdún yẹn, ọrùn mi ló wà. Má bá mi wá àwáwí, mo ti wá a tì. Jọ̀wọ́, foríjì mí. Bí kò bá sì tíì ṣeé ṣe, mo lè dúró.

Màmá nìkan kọ́. Nínú ọgọ́ta tí ìbò mú tí dókítà wá rí lápapọ̀, ẹni mẹ́ta ló ní in. Bí o bá ṣírò ẹ̀ dé orí gbogbo àwọn tí a ní kí wọ́n máa lọ sílé, á tó ogójì. Ẹ̀rọ tí mo ní ó ń mú mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ọgọ́ta péré ló ń mú nínú ọgọ́rùn-ún. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri, ilé dé ilé. Sístà Purity ló ṣáájú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde pé kí wọ́n fà á padà. Ọ̀gá ẹ̀ka wa bi mí bóyá mi ò lè fi àtúnṣe kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí ìgbéga má bàa fò mí ru. Mo ní rárá Sà, àṣegbé kan ò sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n di ọjọ́ mìíràn. Ó dùn mí o. Mo ti ra aṣọ tí màá wọ̀.

Màmá ní mi ò gbọdọ̀ sọ ìkankan nínú èyí fún ẹ. Wọ́n ní Kàdúná jìn, oorun ò ní í kùn ẹ́. Mo ṣèlérí, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ báyìí nítorí oògùn yẹn. Kì í mú ojú mọ́lẹ̀ sí i. Ó ń ta wọ́n lójú, kò sì sí ohun tí wọ́n á rí pé ó ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti pa á tì kí n tó mọ̀. Wọ́n ní kí làwọn ń kán sí, nígbà tí ojú ò yàtọ̀. Mo ṣàlàyé títí pé kó má yàtọ̀ gan-an là ń bẹ Ọlọ́run fún. Wọ́n ní ẹ̀yin oníṣirò, ẹ ò ní í fi ọ̀rọ̀ mọ síbì kan. Mobọ́lá, ohùn mi ò tó mọ́. Ohùn ẹni tó ti ṣì wọ́n lọ́nà lẹ́ẹ̀kan ni. Tìrẹ ni wọ́n máa gbọ́.

Nínú Márúwá tá a wọ̀ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, wọ́n bi mí pé kí là ń pe irú àwọn nínú ìwé wa, àwọn tí ẹ̀rọ ní wọn ò ní in, tí wọ́n sì ní in. Mo ní àwọn tó sọnù mọ́ àyẹ̀wò lọ́wọ́ ni. A ya sí Ìdí-Oró. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ padà wá wá mi."

Bá mi kí Bàbá Jael, kí o sì bá mi gbá Jael mọ́ra, pàápàá bí kò bá fẹ́. Kí àwọn ará ilé yín gbogbo.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa kán an. Pè wọ́n ní aago méje lónìí, kó o tún pè wọ́n lọ́la, kó o tún pè lọ́túnla. Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló sọ fún ẹ, sọ pé èmi ni. Má ṣe gbé fóònù sílẹ̀ títí wàá fi gbọ́ lẹ́nu wọn pé àwọn ti kán ti òsì.

                                        Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀,
                                        Adékẹ́mi.